Oníbodè mẹ́ta, iye mẹ́ta: ìdí tí ráútà kì í fi í rí ẹni tó ń jẹ dátà

Àbúrò mi kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tíì kí mi tán tó fi wọ inú ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ráútà yìí ń parọ́ fún mi." Mo ní irọ́ wo ló pa. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń fún òun ní íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé òun ti lo 212 GB láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù ọ̀hún la sì wà. Òun lọ wo ojú-ewé àkọ́kọ́ lórí ráútà, 71 GB ni òun bá níbẹ̀. Òun tún ṣí ojú-ewé tó ń to fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí oníkálukú lò, òun ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 18 GB péré. "Ta wá ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo ní kó gba gbogbo wọn gbọ́. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Òǹkà tó ń ka dátà kò yàtọ̀ sí oníbodè. Ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá ló ń kà. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti kọjá kí òun tó dé ẹnu iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì fi oníbodè méjì sójú ọ̀nà kan náà, ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì máa kọ sílẹ̀, tí ẹ bá wá ro ìwé wọn pọ̀, arìnrìn-àjò kan á di méjì. Nítorí náà, bí iye orí ráútà kò bá yé yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí "ta ló jẹ dátà wa?" Ibo ni òǹkà yìí jókòó sí? Ìgbà wo ló ti jókòó síbẹ̀? Ìbéèrè méjì yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Nínú ọ̀rọ̀ àbúrò mi, oníbodè mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìpẹ̀kun okùn tó lọ sọ́dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n fi ń gba owó. Èkejì wà lára ráútà, ní ojú ihò tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn ihò tó kọjú síta. Ẹ̀kẹta wà lápá LAN, nínú ilé, níbi tí wáyà àti Wi-Fi ti ń pàdé. Apá inú yìí ni ráútà ti lè dá wọn mọ̀ pé fóònù ìyá nìyí, kọ̀ǹpútà ọmọ nìyẹn. Bí dátà bá ti bọ́ síta lórí ètò àdírẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní IPv4, gbogbo ilé ti di ẹyọ kan, torí àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ráútà fi ń bá ìta sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo yín. NAT ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí.

Ohun kan wà níhìn-ín tó máa ń da orí èèyàn rú. Lójú WAN, RX ni ohun tó wọlé láti ìta, TX ni ohun tó jáde. Lójú LAN, ó yí padà. RX ibẹ̀ ni ohun tí fóònù yín kó fún ráútà, ìyẹn ohun tó ń lọ síta. Ráútà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin; ohun tí òun bá gbà ló ń pè ní gbígbà. Mo mọ ẹnì kan tó fi odindi ọ̀sẹ̀ wá ẹni tó ń kó fídíò ránṣẹ́ síta láti ilé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé fíìmù lásán ni wọ́n ń wò.

Iye àkọ́kọ́ ò le. Mo ní kí àbúrò mi wo ibi tí ráútà kọ iye àkókò tó ti wà ní títàn sí. Uptime ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ti yọ wáyà rẹ̀ lójú iná, ó gbá ibẹ̀ tán, ó sì kì í bọ̀ ọ́ padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 71 GB láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ku díẹ̀ kó pé 8 GB lójúmọ́. Ní ìlọ́po mẹ́ta, kó di ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, 213 GB nìyẹn. Iléeṣẹ́ ní 212. Oníbodè WAN kò parọ́ rárá, ó kàn jẹ́ pé ó gbàgbé ohun gbogbo lọ́jọ́ tí ìgbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Inú RAM, ìyẹn ibi ìrántí onígbà díẹ̀ ráútà, ni òǹkà wọ̀nyí ń gbé. Bí iná bá ti kúrò, wọ́n parẹ́, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Àwọn tó bá fẹ́ kí ráútà máa rántí máa ń fi ètò bíi vnStat sórí rẹ̀, èyí tó máa ń ka òǹkà náà látìgbàdégbà tó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Lórí OpenWrt, ètò tí àwọn kan ń fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, inú àpò fáìlì tó ń jẹ́ /var ni vnStat àti nlbwmon, tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lò, ń kó ìwé wọn sí bí ẹ kò bá yí i padà, inú RAM sì ni /var náà wà. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún fi ìwé ọ̀hún sínú ilé tó ń jó. USB kékeré kan tí a kì bọ ẹ̀yìn ráútà, tí a sì darí fáìlì náà lọ síbẹ̀, ti tó. Ẹ má ní kó máa kọ ọ́ sínú flash, ìyẹn ibi tí ráútà ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí, ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, torí iye ìgbà tí èèyàn lè kọ nǹkan sára flash ní òpin, ó máa ń gbó.

Aago náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà kò ní bátìrì tó ń mú aago rìn nígbà tí iná kò sí. Bó bá ṣe ń jí, ó lè rò pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 la wà, títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì béèrè aago lọ́wọ́ ẹ̀rọ NTP. Bí NTP kò bá ṣiṣẹ́, dátà òní á bọ́ sínú oṣù tí kò sí, ẹ̀yin á sì máa wo oṣù yìí tó ṣófo. Kí ẹ tó bínú sí òǹkà tí kò kọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo déètì tó wà lórí ojú-ewé ráútà.

Ìdánwò fáìlì kan

71 ti yé wa. 18 ló kù, òun ló sì le jù. Kí a tó máa méfò, mo ní kí àbúrò mi ṣe ìdánwò kan tí mo máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí mi ò bá gbọ́kàn lé òǹkà kan. Ẹ wá fáìlì tí ẹ mọ bó ṣe tóbi tó, èyí tó jẹ́ 1 GB gẹ́lẹ́ ló dáa jù. Ẹ pa Wi-Fi lórí gbogbo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, kó ku kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ kọ iye tó wà lójú òǹkà sórí ìwé. Ẹ dáńlóòdù fáìlì náà, kó parí pátápátá, kí ẹ wá tún òǹkà náà wò. Ohun tó fi kún un ni yóò sọ ibi tí àìsàn wà.

Bó bá jẹ́ bíi 1.04 GB ló fi kún un, òǹkà yín dá ṣáṣá. Ẹ má torí 0.04 yẹn bá ẹnikẹ́ni jà. Dátà kì í dá rìn. Wọ́n máa ń gé e sí pákẹ́ẹ̀tì tí kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ, 40 nínú rẹ̀ sì jẹ́ àkọlé IP àti TCP tó ń sọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Ethernet, ìyẹn ètò ìrìn dátà lórí wáyà, tún ń fi báìtì 14 tirẹ̀ lé e. Òǹkà ń wọn ẹrù mọ́ àpò ni.

Bó bá jẹ́ 0.97, ó ṣì dá ṣáṣá, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Àwọn kan ń pe 1,000,000,000 báìtì ní GB kan, àwọn mìíràn ń lo 1,073,741,824. Ti ìkejì yìí, GiB ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ráútà ń kọ GB sára rẹ̀ láìbìkítà. 212 tí iléeṣẹ́ kà lè di 197 lórí ráútà tó ń lo òṣùwọ̀n ńlá, láìsí pé báìtì kan sọnù. Ohun tó fara pẹ́ ẹ ni bíìtì àti báìtì: bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, ìdí nìyẹn tí okùn 40 Mbps kì í fi í ju 5 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lójú kọ̀ǹpútà. B ńlá àti b kékeré yẹn ti dá ìjà tó pọ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí 1.04 lábẹ́ ohun tó wọlé, tí ẹ tún rí 1.04 lábẹ́ ohun tó jáde, ẹ ti fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn tí gbogbo èrò ń gbà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwọn ráútà kan, wáyà kan ṣoṣo ló so ọpọlọ ráútà mọ́ àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Eth0 lè jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n á wá fi VLAN, ọgbọ́n tó ń sọ wáyà kan di bíi méjì, pín in sí eth0.1 fún inú ilé àti eth0.2 fún ìta. Ohun tó bá ti ìta bọ̀ á gba eth0 wọlé, á tún gba eth0 kan náà jáde sí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ka eth0.2, kí ẹ fi eth0 sílẹ̀. Bákan náà lẹni tó ro br-lan (orúkọ gbogbo apá inú ilé) pọ̀ mọ́ wlan0 (orúkọ Wi-Fi) ṣe, nítorí inú br-lan náà ni wlan0 wà.

Bó bá jẹ́ òdo, ọ̀nà tí dátà kò gbà lẹ ń ṣọ́. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí ráútà rẹ̀ ní okùn àti káàdì SIM pọ̀: okùn ti já, SIM ló ń gbé ilé, òǹkà ṣì jókòó ti okùn.

Àbúrò mi ṣe tirẹ̀ tán, ó pè mí padà. Òǹkà WAN fi 1.04 kún un. Lórí àkójọ inú ilé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi 0.02 kún un. Ó ti dáńlóòdù odindi fáìlì, ráútà rí i bí ẹni pé ojú-ewé kan ló ṣí.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú inú ráútà

Ọpọlọ ráútà kò lágbára tó ti kọ̀ǹpútà. Bí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì bá ní láti dúró níwájú rẹ̀ kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, okùn tó yára á di lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ráútà wá dá ọgbọ́n kan. Pákẹ́ẹ̀tì díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba iwájú ọpọlọ kọjá. Bó bá ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, á sọ fún ṣíìpù mìíràn pé kó máa darí ìyókù láìtún dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pè é: Hardware NAT, NAT Acceleration, Hardware Acceleration. OpenWrt ń pè é ní flow offloading. Ráútà MikroTik ní ohun kan tó jọ ọ́, FastTrack, àmọ́ ìyẹn kò dé ṣíìpù dandan. Ńṣe ló ń jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì fo ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò. Èmi ń pè gbogbo wọn ní ẹ̀bùrú, torí pé ohun tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo wàhálà tó wà níbẹ̀. Oníbodè tó ń ka ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ọpọlọ ló jókòó sí. Ìbánisọ̀rọ̀ kúkúrú, bíi ìgbà tí fóònù lọ wo bóyá lẹ́tà wà, á parí kó tó rí ẹ̀bùrú gbà, nítorí náà yóò kà á pé. Ìbánisọ̀rọ̀ gígùn, fíìmù wákàtí méjì tàbí ohun tó ń ránṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ló máa rí. Ẹni tó ń jẹun jù nínú ilé gan-an ni yóò kéré jù lórí àkójọ. Mi ò mọ ohun mìíràn lára ráútà tó ń ṣi èèyàn lọ́nà báyìí, nítorí àkójọ náà ò ṣófo, kò sì fi àmì kankan hàn pé òun ò pé. Nínú àwọn ráútà kan, òǹkà WAN pàápàá máa ń pàdánù ohun tó gba ẹ̀bùrú. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀, oríire rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kó lọ pa ẹ̀bùrú náà, kó pa ráútà kó sì tún un tàn, kó tún ìdánwò ṣe. 1.04 lórí WAN, 1.04 lórí àkójọ inú ilé. Pípa rẹ̀ ní owó orí tirẹ̀: ráútà tí ọpọlọ rẹ̀ kò lágbára, tí okùn rẹ̀ sì yára tó 1 Gbps, lè dín kù jìnnà sí iye yẹn. Bí okùn yín bá jẹ́ 50 Mbps, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ pa nǹkan kan. Èrò tèmi ni pé kí ẹ pa á fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ẹ fi ń ṣe ìwádìí, kí ẹ sì ṣí i padà.

Ó jẹ́ kó rìn fún odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún. WAN ní 8.1 GB. Àkójọ ní 7.6. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn kò jẹ́ tuntun, ráútà fúnra rẹ̀ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá aago, ó ń wá ìmúdójúìwọ̀n. Mo bi í pé, "Ó dáa, ta ló wá jẹ ẹ́?" Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, gbogbo fóònù ló kéré. Mo ní kó fi àwòrán ojú-ewé náà ránṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n to àkójọ ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí ohun tó wọlé, ẹni tó gbà jù ló wà lókè. Lábẹ́ pátápátá, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, ẹ̀rọ kan wà tí kò gba nǹkan kan. Ohun tó fi ránṣẹ́ síta: 5.4 GB.

Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni. Ó kọjú sí ògiri àti ìlẹ̀kùn kan, ó sì ń fi fídíò ìlẹ̀kùn yẹn ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sántòru ní 500 kbps. 500 kbps, ta ló máa kà á sí nǹkan? Ẹ fi mẹ́jọ pín in kó di báìtì, 62,500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. 5.4 GB lójúmọ́. Bó bá jẹ́ 1 Mbps ni, yóò jẹ́ 10.8.

Àwọn ẹ̀bùrú yòókù

Ìtàn àbúrò mi kò kan gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. IPv6 jẹ́ ọ̀kan. Òun ni ètò àdírẹ́sì tuntun, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ti ṣí i sílẹ̀ fún aráyé láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2012. Ètò ìṣọ́ tó bá ń fi òfin iptables, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń yẹ pákẹ́ẹ̀tì wò nínú ráútà, ka dátà, IPv4 nìkan ló ń rí. Ip6tables ló ń ṣọ́ èkejì. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò fáìlì, tí èsì rẹ̀ pé lórí ojú-ewé kan tó sì jẹ́ òdo lórí òmíràn, ẹ fura sí i. Ẹ pa IPv6 fún wákàtí kan, kí ẹ tún un wò.

Òmíràn ni àwọn ojú tuntun. Láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo àdírẹ́sì MAC (orúkọ tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀) àtọwọ́dá lórí Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe olè ló wọlé. Bí ẹ bá ní kí fóònù gbàgbé Wi-Fi, kó sì tún dara pọ̀, ó lè dé pẹ̀lú orúkọ tí ráútà kò mọ̀ rí, ohun tó ti lò tẹ́lẹ̀ á wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ lè pa á lórí fóònù fún Wi-Fi ilé yín nìkan. Bí ẹ bá sì ní ráútà kejì nínú ilé tó ń ṣe NAT tirẹ̀, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lójú ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ ti ẹ̀yìn di access point lásán, tó kàn ń pín Wi-Fi, ojú gbogbo wọn á hàn.

Ó tún ṣeé ṣe kí LAN ju WAN lọ. Bí ẹ bá ń kó àwòrán láti fóònù sínú ẹ̀rọ ìkópamọ́ inú ilé, LAN á kà á, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ rárá.

Fún àwọn tó ń fi SNMP, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè iye òǹkà lọ́wọ́ ráútà, yàwòrán ìrìn dátà, ìṣòro kan wà tó máa ń jọ iṣẹ́ àjẹ́. Òǹkà àtijọ́ tó ń jẹ́ ifInOctets kò lè kọjá 4,294,967,295, torí bíìtì 32 ló ní. Bó bá débẹ̀, á padà sí òdo bíi ti òǹkà máìlì ọkọ̀ tó ti yí tán. Lórí okùn tó kún ní 100 Mbps, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fi yí. Lórí 1 Gbps, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 34 ni. Bí ẹ bá ń kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó lè ti yí ní ìgbà mẹ́jọ láàárín kíkà méjì, àwòrán yín á sì fi hàn pé okùn náà ń sùn. ifHCInOctets ni kí ẹ máa kà, bíìtì 64 ni tirẹ̀.

Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má retí rẹ̀ lára ráútà. HTTPS, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, ti bo inú ẹrù. Ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ àti bí ẹrù náà ṣe wúwo tó ni oníbodè ń rí.

Àbúrò mi yí ètò kámẹ́rà náà padà, kó máa gba fídíò nígbà tí nǹkan bá ń rìn níwájú rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kejì, WAN ka 2.9 GB. Ó ṣí ẹ̀bùrú padà, ó kì USB bọ ẹ̀yìn ráútà, ó sì yí ọjọ́ tí òǹkà ń bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kan náà tí iléeṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wáyà iná ráútà náà, ó ti fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.